Ẹyẹ kékeré tó ń mu oyin òdòdó lára fẹ́ńsì wa, wọ́n sì fẹ́ hú òdòdó náà

Nọ́ọ̀sì_Mọ́níyà:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dé ìparí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Mọ́níyà ní Ìbàdàn là ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi mí sí. Tí mo bá dé láàárọ̀ ara á ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu ṣùgbọ́n oorun ò ní kùn mí, gbogbo ìró ẹ̀rọ inú wọ́ọ̀dù á ṣì máa dún létí mi, màá máa rò ó pé ṣé mo kọ oògùn bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn sílẹ̀, ṣé ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi rí i, ṣé ọmọ kékeré yẹn ti ń mumi. Tẹ́lẹ̀ fóònù ni mo máa ń gbé, màá máa wo àwọn fídíò kéékèèké yẹn títí ojú á fi máa ta mí, oorun ò sì ní wá.

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí mo kúkú máa ń gbé àga lọ sí báráńdà ẹ̀yìn. Bàbá onílé wa tó ti di olóògbé ló gbin hibiscus àti ixora yí fẹ́ńsì ẹ̀yìn ká, wọ́n ti ga ju èèyàn lọ. Ẹyẹ kan máa ń wá síbẹ̀. Ó kéré gan-an, kò tó ológoṣẹ́ rárá. Orí ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń dán yanran, ìlà pupa kan wà láyà ẹ̀, ẹnu ẹ̀ gùn ó sì tẹ̀ wálẹ̀. Á bà lé ẹ̀ka, á ki ẹnu bọ òdòdó, á yọ ọ́, ó ti dórí òmíràn nìyẹn. Nígbà míì á lọ dúró sórí ẹ̀ka tó ga jù, á máa kọrin, ohùn ẹ̀ tín-ín-rín ó sì yára, bó bá ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ìyẹ́ yẹ́lò kan á yọ díẹ̀ lábẹ́ apá ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Òmíràn tún máa ń tẹ̀ lé e wá, ìyẹn ò dán ní tiẹ̀, mo rò pé ọmọ ẹ̀ ni.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹyẹ yìí fúnra ẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́, kì í sinmi, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń wò ó ni ara mi ń balẹ̀. Tí mo bá gbé ọwọ́ lójijì ó ti lọ nìyẹn, torí náà mo ti kọ́ bí mo ṣe lè jókòó láìmi ara, èémí mi á máa lọ jẹ́jẹ́, mi ò ní mọ ìgbà tí ìró ẹ̀rọ yẹn kúrò létí mi. Tí mo bá wọlé lẹ́yìn ẹ̀, màá sùn.

Ọ̀rọ̀ wá dé báyìí pé ọmọ bàbá onílé tó wà ńbẹ̀ báyìí ní òun fẹ́ hú gbogbo òdòdó ẹ̀yìn yẹn kí òun fi ìntálọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ, ó ní ejò àti ẹ̀fọn ló ń kó wá. Èmi fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ mi ò mọ bí ayálégbé ṣe máa dúró níwájú onílé kó máa sọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ẹ bá mi dá sí i: ẹyẹ wo nìyí, tí wọ́n bá hú òdòdó yẹn ṣé á tún máa wá, kí ni mo lè gbìn sínú báfù tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì? Ẹ sọ fún mi náà tó bá ń ṣe ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀, pé nǹkan kékeré báyìí ló ń jẹ́ kí ọkàn yín rọlẹ̀.

---

Bọ̀dá_Agége:

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Hummingbird nìyẹn, mo ti rí i nínú fídíò dáadáa. Ẹ̀yin tiẹ̀ rí ẹyẹ wò, níbi tí èmi wà níbí, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni, jẹnẹrétọ̀ níwájú, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, igi kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò wọ́n ti gé e nítorí wáyà iná. Kì í ṣe pé mò ń bá yín jiyàn o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, àwa tá a wà ní irú ibí ńkọ́, níbo la ti fẹ́ rí ìfọ̀kànbalẹ̀ tẹ́ ẹ ń sọ yìí? Torí èmi náà kì í sùn dáadáa.

---

Oníṣẹ́_Ẹyẹ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, àǹtí. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlà pupa láyà àti ìyẹ́ yẹ́lò lábẹ́ apá yẹn ló jẹ́ kí n dá a mọ̀. Sunbird ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Olive-bellied Sunbird, Cinnyris chloropygius lórúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é. Akọ ni èyí tó ń dán. Èyí tẹ́ ẹ pè ní ọmọ ẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abo, torí abo kì í ní àwọ̀ tó ń tàn, òun ló ń sàba, kò yẹ kí ojú tètè rí i.

Bọ̀dá Agége, ẹ má bínú o, kì í ṣe hummingbird. Hummingbird ò sí ní Áfíríkà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù nìkan ló wà. Sunbird ló wà lọ́dọ̀ tiwa níbí, ó wà ní Éṣíà náà títí dé Ọsirélíà, irú ẹ̀ ju ogóje lọ. Wọn ò bá ara wọn tan, oúnjẹ kan náà tí wọ́n ń wá ló jẹ́ kí ìrísí wọn jọra. Hummingbird máa ń rọ̀ sí òfuurufú níwájú òdòdó ni, apá ẹ̀ á máa lù débi pé ojú ò ní rí i, sunbird ní tiẹ̀ máa ń bà lé ẹ̀ka kó tó mu. Ó lè rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí kò bá rí ibi bà sí, àmọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀.

Àwọ̀ tó ń dán yẹn, kì í ṣe pé wọ́n pa á láró. Inú ìyẹ́ ẹ̀ ló ní àwọn ìpele tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán ò lè rí, àwọn ló ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá yí ara sí ibòmíì lórí ẹ̀ka kan náà ẹ lè rí i kó dúdú kirikiri, kó tó yíjú padà kó tún máa kọ mọ̀nà. Ẹ wò ó dáadáa láàárọ̀, nígbà tí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ahọ́n ẹ̀ náà jẹ́ àrà, ó gùn, etí ẹ̀ ká wọnú ara wọn ó wá ní ihò, ẹnu ahọ́n yẹn sì là sí méjì, òun ló fi ń fa oyin òdòdó. Ixora yín, ihò òdòdó ẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu ẹ̀ àti ahọ́n ẹ̀ á dé ìdí ẹ̀. Ṣùgbọ́n hibiscus tóbi, nígbà míì kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìdí òdòdó ló máa ń lu. Ẹ lọ wo ìdí àwọn hibiscus yẹn, tẹ́ ẹ bá rí ihò kékeré, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ó mu oyin lọ láìbá òdòdó gbé lẹ́búlẹ́bú kankan nìyẹn. Níbi tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, iwájú orí ẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó máa ń lẹ̀ mọ́, á gbé e dé òdòdó mìíràn, èso á wá.

Oyin nìkan kọ́ ló ń jẹ o. Aláǹtakùn àti àwọn kòkòrò wínníwínní tó wà lára ewé, ó ń jẹ wọ́n, àwọn ló sì ń gbé fọ́mọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín òtapíapíá sára òdòdó yẹn.

Tó bá jẹ́ ti ẹ̀fọn, ẹ sọ fún onílé yín pé òdòdó kọ́ ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, omi tó dúró ni, inú táyà, inú agolo, inú gọ́tà tí kò ṣàn. Ẹ bá a wá ibi tí omi dúró sí nínú kọ́ńpáàǹdì kẹ́ ẹ dà á nù, ìyẹn á ṣiṣẹ́ ju kí ẹ hú òdòdó lọ.

Mo mọ apá ibi tẹ́ ẹ ń gbé yẹn. Igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn, ò jìnnà sí yín. Ẹyẹ kan wà ńbẹ̀, Ibadan Malimbe, ẹbí ẹ̀gà ni, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo àgbáyé. Elgood tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn ló kọ nípa ẹ̀ fún ayé gbọ́ ní 1958. Tí igbó bá ti ń tán báyìí, ọgbà ẹ̀yìn ilé bíi tiyín ló kù tí àwọn ẹyẹ kan ń rí sá sí. Malimbe ò ní wá sí fẹ́ńsì o, igbó ni tiẹ̀, ṣùgbọ́n sunbird kì í kọ ọgbà ilé.

Bọ̀dá Agége, ó wà lọ́dọ̀ tiyín náà. Ẹ máa wo òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí pupa tó rọ̀ sísàlẹ̀ lábẹ́ èso yẹn, sunbird fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹ wo ìbẹ́pẹ akọ tó bá ń tan òdòdó. Tẹ́ ẹ bá ráyè lọ́jọ́ ìsinmi, Lekki Conservation Centre wà. Ẹ sì tún lè bá àwọn Nigerian Bird Atlas Project kẹ́gbẹ́, áàpù BirdLasser ni wọ́n ń lò, ẹyẹ tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sínú ẹ̀, kò pọn dandan kẹ́ ẹ kàwé nípa ẹyẹ.

---

Bàbá_Kókó:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ alẹ́. Ìdànrè lèmi wà, iṣẹ́ kókó ni mo fi tọ́ ọmọ. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tó o fi parí ọ̀rọ̀ ẹ yẹn, pé ṣé ó ń ṣe àwọn ẹlòmíì bẹ́ẹ̀.

Ó ń ṣe èmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ti sá kókó sórí ẹní, èmi ni bàbá mi máa ń fi tì í. Mi ò gbọ́dọ̀ kúrò ńbẹ̀. Tí ewúrẹ́ bá dé màá lé e, tí òjò bá ṣú màá pariwo kí gbogbo ilé jáde wá kó o, láàárín méjèèjì kò síṣẹ́ kankan, ọmọdé kan jókòó ti ẹní láti àárọ̀ dalẹ́. Igi òrúrù kan wà lẹ́bàá ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ oko ẹ mọ òrúrù, òdòdó ẹ̀ pupa bí iná, èyí tí kò tíì là nínú ẹ̀ kún fún omi, tá a máa ń fún mọ́ra wa lójú. Ẹyẹ tó ò ń sọ yìí máa ń kún orí ẹ̀. Ńbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Lákọ̀ọ́kọ́ mò ń jù wọ́n lókò, nígbà tó yá mi ò jù wọ́n mọ́, mo kàn ń wò.

Ní báyìí ọ̀dọ̀ àfòmọ́ ni mo ti ń rí i jù. Àwọn tí kò mọ àfòmọ́, igi ni tó ń gbé lórí igi ẹlòmíì, ó ń mu omi ara ẹ̀. Lórí kókó, ọ̀tá ni, tó o bá fi í sílẹ̀ ẹ̀ka yẹn á gbẹ, gígé là ń gé e, kò sí àánú ńbẹ̀, ká sì tètè gé e kó tó so. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí igi egàn lẹ́bàá odò tí kò kan kókó mi, mo fi wọ́n sílẹ̀. Òdòdó ẹ̀ pupa, ó rí gbọọrọ. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó jẹun ọ̀sán, mo rí ẹyẹ yìí tó fi ẹnu tẹ òdòdó àfòmọ́ tí kò tíì là, òdòdó náà là pàá! Lẹ́búlẹ́bú fọ́n sí i lórí. Ó gbọn orí, ó mu oyin ẹ̀, ó bọ́ sí èkejì, ìyẹn náà là. Ó ń lọ láti orí kan sí òmíràn, ó ń ṣí wọn. Mo gbàgbé oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ mi. Láti kékeré ni mo ti ń gé àfòmọ́, mi ò mọ̀ pé ẹyẹ ló ń ṣí òdòdó ẹ̀.

Wàyí o, ohun tí mo rò nípa ìró ẹ̀rọ tó ń dún létí ẹ yẹn. Àwọn èèyàn máa ń rò pé oko dákẹ́. Oko ò dákẹ́ o. Ẹ̀gà ń pariwo, ìrẹ̀ ń ké, ewé ń dún, ọ̀bọ ń jà. Ṣùgbọ́n gbogbo ariwo yẹn, kò sí èyí tó ń bi ọ́ léèrè nǹkan. Ẹ̀rọ inú wọ́ọ̀dù yín, tó bá dún, ìwọ ló ń pè, o gbọ́dọ̀ dìde. Fóònù náà bẹ́ẹ̀, tó bá dún ó fẹ́ kó o dáhùn. Ẹyẹ yẹn ò pè ọ́. Bó o wò ó, bó ò wò ó, á mu oyin ẹ̀ á lọ. Mo rò pé òun ló fà á tí ara ẹ fi ń balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í ṣe pé ó ṣe ọ́ lóòògùn.

Bá onílé yẹn sọ̀rọ̀. Bàbá ẹ̀ ló gbin òdòdó yẹn, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

---

Ìyá_Houston:

Ẹ kúuṣẹ́ o bàbá, ẹ ti sọ ọ́ tán. Nọ́ọ̀sì lèmi náà ní Texas níbí, mo mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn dé láti náìtì kó má lè sùn.

Níbí, hummingbird gangan ló ń wá. Ruby-throated lèyí tó máa ń kọjá lọ́dọ̀ wa lóṣù kẹsàn-án, gíráàmù 3 péré ló tó, ó sì ń fò lọ sí Mẹ́síkò àtàwọn ìlú tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ láti lọ lo ìgbà òtútù, àwọn kan nínú wọn á gba orí òkun Gulf kọjá láìsinmi. Àwọn aládùúgbò mi ló kọ́ mi bí mo ṣe lè gbé fíìdà, ìyẹn ìgò omi ṣúgà tí ẹyẹ ń mu, kọ́ síta, ife ṣúgà funfun kan sí ife omi mẹ́rin, kò sí oyin ńbẹ̀, kò sí àwọ̀ pupa tí wọ́n ń rò sómi. Mo máa ń jókòó tì í pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù mi lọ́rùn.

Sísìtá, ṣé ìwọ náà ò lè ṣe fíìdà tí wọ́n bá hú òdòdó yẹn? Ìgò kékeré ṣáá ni.

---

Oníṣẹ́_Ẹyẹ:

Màmá, sunbird náà lè mu omi ṣúgà o, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún Ìbàdàn mi ò rò pé kí àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí i. Nínú ooru wa yìí omi ṣúgà á tètè kan, ẹ gbọ́dọ̀ máa fọ ìgò yẹn kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omi ẹ̀ ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì, èèrà á sì kún bò ó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tí ò rí oorun sùn, iṣẹ́ míì tún dé nìyẹn. Òdòdó ń pèsè tiẹ̀ fúnra ẹ̀, ó sì ń kó kòkòrò tí ẹyẹ ń jẹ mọ́ra, ṣúgà ò lè ṣe ìyẹn.

Ixora gbé inú báfù dáadáa, ẹ lu ihò sí ìdí báfù kí omi lè máa jò. Hibiscus náà gbé e tẹ́ ẹ bá ń gé orí ẹ̀ kó má ga jù. Ẹ̀ka hibiscus lásán, ẹ gé e ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ẹ gún un mọ́ ilẹ̀ tútù, á hù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí kí wọ́n tó hú ti fẹ́ńsì, kó lè ti fìdí múlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìntálọ́ọ̀kì tó dé.

---

Ọ̀gá_Ìntálọ́ọ̀kì:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí iṣẹ́ mi ni wọ́n ń dárúkọ. Ìbàdàn lèmi náà ti ń tẹ́ ìntálọ́ọ̀kì. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n hú gbogbo òdòdó kí wọ́n tó tẹ́ ilẹ̀ o. Ẹ sọ fún onílé yín kó fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ńsì, a ó kan fi káàbù dí etí ẹ̀ kí yanrìn abẹ́ ìntálọ́ọ̀kì má baà ṣàn lọ síbẹ̀, òdòdó á wà nínú ẹ̀, ìntálọ́ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ wá sí ilé. Owó tó máa ná á dínkù torí bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó là ń gba owó iṣẹ́. Omi òjò á sì tún rí ibi wọ̀ sí, torí tẹ́ ẹ bá tẹ́ gbogbo ẹ̀ pa láti fẹ́ńsì dé fẹ́ńsì, ẹ̀ẹ́ rí i nígbà òjò, omi á máa wá sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ti ejò, kí wọ́n gé ìsàlẹ̀ òdòdó yẹn kó mọ́ ní ìwọ̀n orúnkún, kí wọ́n máa gbá ewé gbígbẹ ibẹ̀, kí wọ́n má kó búlọ́ọ̀kù àti pákó jọ síbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kó jọ ni mo ti ń bá ejò jù nínú iṣẹ́ mi. Ilẹ̀ tó mọ́, ejò kì í fẹ́ jókòó síbẹ̀.

---

Bọ̀dá_Agége:

Mo kàn fẹ́ sọ pé mo ti rí i o! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fọ mọ́tò, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá, mi ò wo òkè rí. Oníṣẹ́_Ẹyẹ, ó wá síbi òdòdó pupa yẹn lóòótọ́, ó dorí kodò mọ́ ọn lára, ó ń mu ún. Tiwa yìí tóbi ju èyí tí àǹtí ṣàpèjúwe lọ, orí ẹ̀ ń dán bí elése àlùkò, mi ò rí ìlà kankan láyà ẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń fọ mọ́tò ń bi mí pé kí ni mò ń wò, mo fi hàn wọ́n, àwa mẹ́ta la wá ń wò ó, wọ́n tiẹ̀ pa ẹ̀rọ omi wọn fúngbà díẹ̀ kó má baà fò lọ. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá Ìdànrè yẹn yé mi.

---

Oníṣẹ́_Ẹyẹ:

Inú mi dùn gan-an bọ̀dá! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Splendid Sunbird, òun tóbi díẹ̀ jù ti àǹtí lọ, ó sì wọ́pọ̀ nínú ọgbà ilé. Tẹ́ ẹ bá tún padà lọ, ẹ wò ó bóyá ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí pupa sì wà láyà ẹ̀, oòrùn gbọ́dọ̀ bá a kẹ́ ẹ tó rí i.

---

Nọ́ọ̀sì_Mọ́níyà:

Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Bàbá, mo ka tiyín fún ọkọ mi, ó ní kí n máa kí yín. Lóòótọ́ ni, mi ò ronú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, pé gbogbo ohun tó ń dún láyìíká mi ló ń pè mí, ẹyẹ yẹn nìkan ni kò pè mí. Mo ti lọ wo ìdí hibiscus, ihò wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ó pọ̀, mo ti ń rò pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Mo bá onílé sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé bàbá wọn ló gbin ín, ó dákẹ́, ó ní òun rántí ọjọ́ tí àwọn gbin ixora yẹn, òun ló ń pọnmi sí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbé ọ̀rọ̀ Ọ̀gá_Ìntálọ́ọ̀kì kalẹ̀, ti ẹsẹ̀ bàtà méjì àti owó tó máa dínkù, mo ní èmi á máa gbá ìdí ẹ̀ èmi á sì máa gé e. Ó gbà fún ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí báráńdà wa. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló ní òun ò lè fi sílẹ̀ torí mọ́tò fẹ́ máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ìṣòro tó wá kù nìyí: ẹ̀gbẹ́ kejì tí wọ́n fẹ́ hú yẹn, ìtẹ́ wà níbẹ̀! Ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka hibiscus, ó rí gbọọrọ, koríko gbígbẹ àti okùn aláǹtakùn ni wọ́n fi ṣe é, ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lápá òkè. Abo yẹn ló ń wọ ibẹ̀, á pẹ́ kó tó jáde. Àwọn oníṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé mo lè gé ẹ̀ka yẹn pẹ̀lú ìtẹ́ ẹ̀ kí n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí báráńdà wa?

---

Oníṣẹ́_Ẹyẹ:

Rárá o àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé e, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò níbi tó mọ̀, ó ṣeé ṣe kó pa á tì pẹ̀lú ẹyin inú ẹ̀. Tó bá ń pẹ́ nínú ẹ̀ báyẹn, a jẹ́ pé ó ti ń sàba. Abo nìkan ló ń sàba, ẹyin kan tàbí méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, á gbà á tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pa á, ọmọ á sì tún lò tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìtẹ́ kó tó lè fò.

Ẹ bẹ onílé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti iwájú ilé, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣe ìkẹyìn, bí oṣù kan lẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí wọ́n má kó yanrìn àti sìmẹ́ǹtì sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má súnmọ́ ọn ju báráńdà lọ, ẹ má yà á ní fọ́tò láti ìtòsí. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí i tí àwọn méjèèjì ń gbé kòkòrò wọ ibẹ̀ léraléra, ẹyin ti pa nìyẹn, ẹ wá sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn ká lè jọ ka ọ̀sẹ̀ méjì tó kù.

---

Ọ̀gá_Ìntálọ́ọ̀kì:

Ẹ sọ fún àwọn oníṣẹ́ yín pé iwájú la máa ń ti bẹ̀rẹ̀ tá a bá fẹ́ kí omi dà síta, wọn ò ní bá yín jiyàn.